Èéfín Vespa Bàbá Yín: Ìwà Ni, Àbí Àìsàn?

Ìbéèrè kan dé láti Oǹdó: “Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Tíṣà ni mí, ìtòsí Yábà ni mò ń gbé. Bàbá mi fi Vespa kan sílẹ̀ fún mi, èyí tí wọ́n fi owó Udoji, àfikún owó oṣù tí ìjọba fún àwọn òṣìṣẹ́ nígbà náà, rà ní 1975. Mo ní kí wọ́n bá mi tún un ṣe, mo fẹ́ máa gùn ún lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n èéfín rẹ̀ kì í jẹ́ kí ará àdúgbò mí dáadáa. Bó bá rìn tó ogún ìṣẹ́jú, á kú, kò sì ní í jí àfi tó bá tutù. Ó máa ń fà sí apá ọ̀tún. Bí mo bá sì dúró díẹ̀ lálẹ́, iná iwájú rẹ̀ á ṣú bí iná àtùpà tí epo ń tán nínú rẹ̀. Mẹkáníìkì mi ní ẹ́ńjìnnì ti nọ́ọ̀kì, ó ní ká gbé ẹ́ńjìnnì ọ̀kadà tuntun sí i. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní ká kúkú tà á fún àwọn tó ń ra irin. Kí ni kí n ṣe? Nǹkan kan tún wà. Nígbà tí a wà ní kékeré, bí bàbá mi bá ti dé igun ọ̀nà ilé wa, wọ́n á na ọwọ́ sí abẹ́ ìjókòó, wọ́n á pa epo, ẹ̀rọ á sì kú gẹ́lẹ́ bí wọ́n bá ti dé ẹnu ọ̀nà. Àwa ọmọ rò pé ahun ni. Ṣé nítorí owó epo ni?”

Àbúrò mi, ẹ kú àṣẹ̀yìndè bàbá. Mo ka ìbéèrè yín lẹ́ẹ̀mejì, mo rẹ́rìn-ín níbi ọ̀rọ̀ ahun yẹn, màá sì padà síbẹ̀. Ohun tó dé bá yín ló ń dé bá gbogbo ẹni tó bá jogún ẹ̀rọ àtijọ́: ẹ kó ìwà àti àìsàn pọ̀ sójú kan, mẹkáníìkì yín sì fún gbogbo rẹ̀ lórúkọ kan ṣoṣo, nọ́ọ̀kì. Nínú nǹkan mẹ́rin tí ẹ kà sílẹ̀, méjì jẹ́ ìwà tí wọ́n dá mọ́ ọn láti Ítálì, ọ̀kan jẹ́ àìsàn tí owó rẹ̀ kì í sábà tó nǹkan, ọ̀kan yòókù sì jẹ́ ìwà tó jọ pé ó ti di àìsàn. Kò sí èyí tí mo lè na ìka sí nínú wọn pé nọ́ọ̀kì nìyí.

Ẹ jẹ́ ká mú ìwà kúrò nílẹ̀ ná. Agbọ́n ni ìtumọ̀ Vespa lédè Ítálì, ẹni tó bá sì ti gbọ́ ohùn rẹ̀ lókèèrè, tó rí bí ìdí rẹ̀ ṣe ki tí àárín rẹ̀ sì tín-ín-rín, kò ní béèrè ìdí tí wọ́n fi sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ilé iṣẹ́ Piaggio tó ṣe é, ọkọ̀ òfuurufú ni wọ́n ń ṣe tẹ́lẹ̀. Bọ́ǹbù ba ilé iṣẹ́ wọn jẹ́ ní Pontedera nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, nígbà tí ogun sì parí wọ́n ní kí Corradino D'Ascanio, ẹnjiníà ọkọ̀ òfuurufú tí kò fẹ́ràn alùpùpù rárá, ṣe nǹkan tí mẹ̀kúnnù lè máa gùn. Ní 1946 ni Vespa àkọ́kọ́ jáde. Gbogbo ohun tí ọkùnrin yìí kórìíra lára alùpùpù ló yọ kúrò: kò fẹ́ ṣéènì tó ń ta ọ́ìlì sí ṣòkòtò, kò fẹ́ ká máa ya ẹsẹ̀ gun táńkì, kò fẹ́ kí títún táyà tó jò ṣe di iṣẹ́ ọjọ́ kan. Apá kan ṣoṣo ló fi mú táyà iwájú, bí wọ́n ṣe ń ṣe ti ọkọ̀ òfuurufú. Ẹ́ńjìnnì ńkọ́? Ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ táyà ẹ̀yìn, ní apá ọ̀tún, kí jíà lè yí táyà fúnra rẹ̀ láìsí ṣéènì. Ìdí nìyẹn tí Vespa yín fi ń fà sí ọ̀tún. Ọ̀tún ni ẹrù rẹ̀ wà. Àwa tó ti gùn ún pẹ́, ìdí wa ti mọ̀ ọ́n, a máa ń jókòó síhà òsì díẹ̀ láìmọ̀ pé à ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá rí fọ́tò bàbá yín lórí rẹ̀, ẹ wo èjìká wọn. Kìkì ìgbà tó bá ń gbọ̀n lọ́wọ́ yín, tàbí tó ń já sí ẹ̀gbẹ́ bí ẹ bá tẹ bíréèkì, ni kí ẹ ní kí wọ́n yẹ táyà àti bẹ́árínì ọrùn rẹ̀ wò.

Ti iná kò gùn. Púpọ̀ nínú àwọn Vespa ìgbà yẹn kò ní bátìrì. Inú ẹ́ńjìnnì ni iná ti ń wá tààrà, bí ẹ́ńjìnnì bá sáré iná á mọ́lẹ̀, bó bá rọra iná á ṣú. Ẹ máa fún un ní tọ́ọ̀kì díẹ̀ bí ẹ bá dúró. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún nǹkan kan: bí gílóòbù kan bá jó tí ẹ sì ń sáré lọ, agbára tirẹ̀ á lọ bá èyí tó kù, òun náà á sì jó. Ẹ fi gílóòbù kan sínú àpótí rẹ̀ nígbà gbogbo.

Ọ̀rọ̀ èéfín ló pọ̀. Ẹ́ńjìnnì Vespa yín jẹ́ tú-sítíróòkì. Boxer tó ń kọjá níwájú ilé yín ní ọ́ìlì tirẹ̀ nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, ọ́ìlì yẹn á máa yí ká inú rẹ̀ títí á fi dúdú, a ó sì dà á nù. Vespa kò ní irú ìyẹn. Inú bẹntiróòlù ni a ti ń po ọ́ìlì tó ń fi ara bọ́ písítìnì rẹ̀, àwọn méjèèjì ló jọ ń wọlé, àwọn méjèèjì ló sì jọ ń jó. Nítorí náà Vespa tí kò bá rú èéfín rárá, òun gan-an ni kí ẹ bẹ̀rù, ó lè jẹ́ pé ẹnì kan gbàgbé láti po epo, kò sì ní pẹ́ tí ẹ́ńjìnnì á fi gan, tí kò ní lè yí mọ́. Èéfín aláwọ̀ búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ láàárọ̀, tó ń dín kù bí ara ẹ́ńjìnnì ṣe ń yá, ìwà ni. Kí ó máa ṣe pa-pa-pa bí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀ òkè tí ẹ ti pa tọ́ọ̀kì, ìwà ni. Èéfín funfun kíki tó ń tẹ̀ lé yín láti ilé dé ṣọ́ọ̀ṣì, tí kì í dín kù bó ti wù kó gbóná tó, àìsàn ni, ohun méjì ló sì sábà máa ń fà á.

Ohun àkọ́kọ́ ni ọwọ́ ẹni tó ń po epo. Ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún ni ọ́ìlì irú Vespa tí wọ́n ń tà nígbà owó Udoji: bẹntiróòlù lítà 5, ọ́ìlì mílílítà 100. Àwọn tó ṣáájú wọn ló ń jẹ ìdá márùn-ún, àwọn àgbà mẹkáníìkì kan kò sì tíì kúrò níbẹ̀ títí di òní. Sírínjì ńlá láti kẹ́míìsì ni mo fi ń wọn tèmi. Bí ẹ bá lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ẹ óò rí i tí ọmọ iṣẹ́ máa gbé gálọ́ọ̀nù ọ́ìlì ọkọ̀, á sì rọ ọ́ sínú táńkì bí ẹni ń bu omi sí ẹ̀bà, á ní “kó má baà nọ́ọ̀kì ni.” Ọ̀tọ̀ ni ọ́ìlì tí wọ́n kọ 2T sí lára, òun ni kí ẹ rà, ti ọkọ̀ kì í jó tán. Àpọ̀jù ọ́ìlì pàápàá kì í ṣe oore. Bí ọ́ìlì bá gba àyè, bẹntiróòlù tó wọlé á kéré, ẹ́ńjìnnì á sì máa gbóná ju bó ṣe yẹ lọ. Èyí tí kò jó tán á lọ lẹ̀ mọ́ inú sàlẹ́ńsà, á dì í díẹ̀díẹ̀, títí Vespa kò fi ní lè gun òkè mọ́. Mo ti tú sàlẹ́ńsà kan tí ihò ẹnu rẹ̀ kò gba ju ìka ọmọdé lọ.

Ohun kejì ni mo fura sí jù lára ti yín, nítorí ó jọ pé ó ti pẹ́ tó ti wà nílẹ̀. Ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì tú-sítíróòkì ń mí bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ. Bí písítìnì ṣe ń gòkè, ó ń fa afẹ́fẹ́ àti epo wọlé nísàlẹ̀. Bó ṣe ń sọ̀, ó ń tì wọ́n gba ojú ihò lọ sókè láti lọ jó. Rọ́bà roboto méjì, àwọn tí à ń pè ní ọ́ìlì-síìlì, ló ń dí ẹwìrì yìí kó má baà lu: ọ̀kan wà lápá kílọ́ọ̀ṣì, ọ̀kan wà lẹ́yìn fúláì-wíìlì, irin roboto wíwúwo tó ń yí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì. Rọ́bà kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bí ẹ̀rọ bá wà nílẹ̀ lọ́dún mẹ́wàá, wọ́n á le bí awọ gbígbẹ. Bí tapá kílọ́ọ̀ṣì bá lọ, gbogbo ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá mí sínú ni á máa fa ọ́ìlì jíà mu, á sì máa jó o. Èéfín funfun yẹn nìyẹn. Bí tẹ̀yìn fúláì-wíìlì bá lọ, afẹ́fẹ́ lásán ni á máa fà, kò ní í fi kún èéfín rẹ̀, ẹ́ńjìnnì á kàn máa sáré fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ fún tọ́ọ̀kì, ìyẹn ló sì tètè ń pa á. Ẹ lè mú olè yìí láìtú ẹ́ńjìnnì. Jíà Vespa ní ọ́ìlì tirẹ̀ lọ́tọ̀, SAE 30, bíi mílílítà 250. Ẹ ní kí wọ́n da èyí tó wà níbẹ̀ nù tán, kí wọ́n fi ìwọ̀n rọ tuntun sí i. Ẹ gùn ún fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ dà á jáde, ẹ wọ̀n ọ́n. Bó bá ti dín púpọ̀, tí ilẹ̀ abẹ́ Vespa sì gbẹ, inú ẹ́ńjìnnì ló gbà lọ. Bó bá sì pọ̀ sí i, tó ń rùn bíi bẹntiróòlù, síìlì kan náà ló lọ, epo ló ń gba ibẹ̀ wọ inú jíà.

Kíkú tó ń kú lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú, òun ni mẹkáníìkì yín wò tó fi ní ó ti nọ́ọ̀kì. Ẹ́ńjìnnì tó nọ́ọ̀kì kì í sinmi lábẹ́ igi kó tún dìde. Lọ́jọ́ tó bá tún kú, kí ẹ tó ṣe nǹkan kan, ẹ gbé ìjókòó sókè, ẹ ṣí ìdérí táńkì, ẹ fetí sí i. Bí ẹ bá gbọ́ fùùù, tí ẹ sì ta á tó jí, ihò kékeré tó wà lára ìdérí ti dí, afẹ́fẹ́ kò rí ọ̀nà wọlé rọ́pò epo tó ń jáde ni. Abẹ́rẹ́ lásán ni ẹ máa fi wo àìsàn yẹn. Bí kò bá jẹ́ ìyẹn, ẹ tú pílọ́ọ̀gì. Bó bá tutù fún epo, tí ẹ fi kan irin tí ẹ ta á, tí kò ta iná, tàbí tí iná rẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú, kọ̀ńdẹ́ńsà, ẹ̀yà kékeré tó ń ran iná pílọ́ọ̀gì lọ́wọ́, ni mo máa kọ́kọ́ pààrọ̀, lẹ́yìn rẹ̀ kọ́ìlì. Kọ̀ńdẹ́ńsà wà lẹ́yìn fúláì-wíìlì níbi tí ooru pọ̀ sí. Tó bá ti darúgbó, bí ara rẹ̀ bá gbóná ó máa ń kọṣẹ́, bó bá tutù á ní kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Bí wọ́n bá ti débẹ̀, kí wọ́n yẹ kọ́ńtáàtì wò, kí wọ́n fi àyè àárín rẹ̀ sí bíi mílímítà 0.4. Mi ò lè gbọ́ ohùn kíráńkì, irin tí písítìnì ń yí, láti Àkúrẹ́ níbi tí mo wà o. Bí ẹ bá ń gbọ́ kọ-kọ-kọ bí ẹni ń fi irin kan ilẹ̀kùn, tó sì ń le sí i bí ẹ bá ń gun òkè, nígbà náà mẹkáníìkì yín lè jàre, ẹ má gùn ún mọ́ títí wọ́n á fi tú u.

Mo mọ bí ẹ́ńjìnnì tó gan ṣe máa ń rí, nítorí ọwọ́ mi ni mo fi gan ọ̀kan. Ọdún kejì tí mo wọ ẹnu iṣẹ́ ni, ní 1980, ọ̀gá mi rán mi lọ gbé Vespa katikíísì kan wá láti Ìdànrè. Epo inú rẹ̀ kò pọ̀, èmi náà sì gbọ́n lójú ara mi: níbi tí ọ̀nà ti ń sọ̀ kalẹ̀ láàárín àwọn àpáta yẹn, mo pa tọ́ọ̀kì pátá, mo fi í sílẹ̀ nínú jíà, mo ní mò ń ṣọ́ epo ná. Mi ò rò ó pé inú epo yẹn ni ọ́ìlì wà. Táyà ń yí ẹ́ńjìnnì kíkankíkan, kò sí ohun tó ń bọ́ písítìnì. Lójijì táyà ẹ̀yìn dúró gbọnin, ó ń wọ́ lórí títì. Kílọ́ọ̀ṣì tí mo fà ló kó mi yọ. Nígbà tí ọ̀gá mi tú u, ó gbé písítìnì náà lé mi lọ́wọ́: ilà ti gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wálẹ̀, mẹ́ta gbọọrọ, ó kọ pélé. Oṣù méjì ni wọ́n fi yọ owó rẹ̀ nínú owó oúnjẹ mi. Torí náà bí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀ òkè gígùn, ẹ máa ṣí tọ́ọ̀kì fẹ́ẹ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kó lè rí ọ́ìlì mu, tàbí kí ẹ fa kílọ́ọ̀ṣì kí ẹ fi bíréèkì sọ̀.

Ní ti ẹ́ńjìnnì ọ̀kadà tí wọ́n fẹ́ gbé sí i, ẹ má gbà. Alùpùpù ní egungun irin, ẹ́ńjìnnì kàn jókòó sáàárín rẹ̀ ni. Ẹ tú nọ́ọ̀tì, ẹ gbé èyí jáde, ẹ gbé ìyẹn wọlé. Vespa kò ní egungun bẹ́ẹ̀. Páànù tí ẹ̀ ń wò yẹn fúnra rẹ̀ ni egungun, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ló sì gbé táyà ẹ̀yìn dání. Ẹ́ńjìnnì ọ̀kadà kò lè wọ ibẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n gé páànù, wọ́n wẹ́ẹ̀dì irin mọ́ ọn, wọ́n wá ọ̀nà tí ṣéènì máa gbà. Wọ́n gbé irú rẹ̀ kan wá bá mi rí. Kì í ṣe Vespa mọ́, kò sì di ọ̀kadà. Bó bá jẹ́ ẹ̀rọ tí yóò máa gbé yín lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́ ni ẹ̀ ń wá, ẹ ra ọ̀kadà lọ́tọ̀.

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n sọ fún yín pé kò sí páàtì rẹ̀ mọ́. Bajaj tí gbogbo wa mọ̀ sí Boxer, Vespa ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ní Íńdíà. Wọ́n gba àṣẹ lọ́wọ́ Piaggio láti máa ṣe é láàárín ọdún 1960 sí nǹkan bí 1971, wọ́n sì ń ṣe èyí tó jọ ọ́, Chetak, lọ lẹ́yìn náà. Látàrí ìyẹn, síìlì, ríìngì, kébù àti kọ̀ńdẹ́ńsà rẹ̀ ṣì ń ti Íńdíà jáde. Ẹ gbé ògbólógbòó lọ́wọ́ lọ fún ẹni tó ń tà á kó fi wọ̀n ọ́n, ẹ má fi orúkọ nìkan béèrè.

Bóyá ó tọ́ sí ìnáwó ni ẹ̀yin àti àwọn ẹ̀gbọ́n yín máa jọ sọ. Ojú mi kò fọ́ sí àbùkù rẹ̀. Bíréèkì rẹ̀ kò lágbára, táyà rẹ̀ kéré, kòtò tí Boxer máa fò kọjá lè gbé e ṣubú. Bí ẹ bá tún un ṣe tán, inú ìgboro Oǹdó ni kí ẹ máa gùn ún, ẹ má bá tírélà du ọ̀nà Àkúrẹ́. Táyà tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ ńkọ́? Bó bá ti pẹ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ẹ jù ú nù, bó tilẹ̀ ní eyín dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí náà. Ní 1976, ọdún tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀, Honda gbé CG125 jáde, ẹ̀rọ tí wọ́n dìídì ṣe fún irú àwa tí kì í rántí pààrọ̀ ọ́ìlì. Kì í kú. Òun ló fún mi lówó tí mo fi kọ́lé, mo sì ń bọ̀wọ̀ fún un. Síbẹ̀, láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí, kò sí ẹni tó tíì bá mi jókòó sọ bí bàbá rẹ̀ ṣe máa ń pa CG. Ẹ̀yin rántí igun ọ̀nà tí bàbá yín ti ń na ọwọ́.

Kì í ṣe ahun. Nínú kábúrétọ̀, abẹ́rẹ́ kékeré kan ló ń dí ẹnu ọ̀nà epo. Bó bá ti jẹ, epo á máa kán tó, tó, tó ní gbogbo òru, á sì kún ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì. Láàárọ̀, pílọ́ọ̀gì á tutù jìnnìjìnnì, tíṣà á máa ta Vespa títí àwọn ọmọ ilé ìwé á fi bẹ̀rẹ̀ sí í kà á fún un. Bí epo bá sì jókòó sínú kábúrétọ̀ lọ́jọ́ mélòó kan, bẹntiróòlù á fò lọ, ọ́ìlì inú rẹ̀ á dì mọ́ àwọn ihò tín-ín-rín. Ẹni tó bá mọ èyí kì í jẹ́ kí kábúrétọ̀ sùn pẹ̀lú epo. Bàbá yín ti fi ojú wọn bí epo inú kábúrétọ̀ ṣe máa gbé wọn láti igun yẹn dé ẹnu ọ̀nà, wọn kò sì ṣì í ṣe. Bí wọ́n bá ti pààrọ̀ síìlì àti kọ̀ńdẹ́ńsà, ẹ̀yin náà ẹ bẹ̀rẹ̀ láti igun yẹn. Bó bá kú kí ẹ tó délé, ẹ sún ibi tí ẹ ti ń pa epo mọ́ ilé lọ́jọ́ kejì. Bó bá ṣì ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ẹ ti dé ẹnu ọ̀nà, ẹ sún un sẹ́yìn. Lówùúrọ̀, ẹ ṣí epo, ẹ ka ogójì, kí ẹ tó ta á.